Eyín Òkè ní Ilé Àna Mi

Ní Èkó tí mo ti wá, ilẹ̀ tẹ́jú títí dé etí omi. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní Ẹ̀fọ̀n, mo yọjú síta, n kò rí nǹkan kan. Kùrukùru ti bo gbogbo ìlú. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ló ń dùn mí. Nígbà tí oòrùn mú un kúrò, mo rí òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, òkè lọ́tùn-ún àti lósì. Àwọn obìnrin ń gun ara òkè náà pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ, èémí wọn kò sì yí padà. Èmi tí mo dúró lójú kan ni mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Oṣù mẹ́ta ni mo ti pinnu láti lò. Ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́rin ni mo lò.

Ogun ló gbé mi dé apá ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò gbé ìbọn rí. Àwọn olórí ogun tó wà ní ibùdó lápá Òkèmẹ̀sí ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn kọ lẹ́tà sí Èkó, tí yóò sì máa ka èyí tó bá ti Èkó wá. Mo ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ti àwọn ìjọ, ọwọ́ mi sì dára lórí ìwé. Ní ibùdó náà ni mo ti pàdé Olápé, ọmọ Ẹ̀fọ̀n, tó máa ń ru èlùbọ́ àti àgbàdo wá fún àwọn ọmọ ogun. Mo fẹ́ ẹ. Nígbà tí oyún rẹ̀ di oṣù méje, a lọ sí ilé ìyá rẹ̀ kí ó lè bímọ láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó bí obìnrin, a sọ ọ́ ní Ayọ̀délé. Mo fẹ́ padà sí ibùdó lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ. Sòbìà kò jẹ́.

Kòkòrò náà yọrí ní ọrùn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í fà á, nítorí bí ó bá já sínú ẹran, ẹsẹ̀ lè rọ pátápátá. Wọ́n ń wé e mọ́ igi tín-ín-rín kan ni, ìwọ̀n ìbú ìka kan lóòjọ́. Ìyá Olápé, tí gbogbo ilé ń pè ní Yèyé, ló ń bá mi wé e. Ojú tì mí gidigidi. Ó yẹ kí n máa dọ̀bálẹ̀ kí àna mi láràárọ̀, àna mi ló sì ń kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Bí mo bá fẹ́ gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, yóò ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Sòbìà ti bá ọ dọ̀bálẹ̀."

Bí èyí tán, òmíràn yọ ní orúnkún òsì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tí ń jókòó sílé.

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ilé náà wà lójú ogun, bàbá Olápé pẹ̀lú wọn, nítorí náà àwọn obìnrin ló ń roko. Olápé kò lè pọn Ayọ̀délé lọ. Àwọn ajínigbé ń dẹ ọ̀nà oko, bí àwọn obìnrin bá sì gbúròó wọn, inú igbó ni wọ́n ń sá sí. Ọmọ tó bá sunkún níbẹ̀ ti fi gbogbo wọn hàn nìyẹn. Ó ń fún un lọ́mú kí ó tó lọ ní ìdájí, ó ń fún un lọ́mú bí ó bá dé ní ìrọ̀lẹ́. Láàárín méjèèjì, èmi ni, èmi àti igbá ẹ̀kọ. Yèyé ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, lẹ́yìn náà yóò kọjú sí epo tó ń ṣe àti òwú tó ń ran.

Ọkùnrin tí ń gbé ilé àna rẹ̀ tó ẹni à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó tún ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀ kò ní ibi ìsápamọ́ sí. Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ń pè ní Ìyá Elépo, nítorí epo pupa ló ń kiri tà láti agbo-ilé dé agbo-ilé. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kì í wọ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí kì í gbé jáde níbẹ̀. Bí ó bá ti rí mi lórí ẹní pẹ̀lú ọmọ láyà, yóò sọ epo kalẹ̀.

"Bàbá olómú! Ṣé omi ọmú ti yọ?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyá. Ẹ bá mi wá àgbo tí yóò mú un yọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọkùnrin Èkó! Ọmọ ogun ń yìnbọn, ìwọ ń nu itọ́!"

Gbogbo àgbàlá a rẹ́rìn-ín. Ní oṣù àkọ́kọ́, ó dùn mí. Ní oṣù kẹta, bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, èmi gan-an ni mo ń béèrè rẹ̀.

N kò gbọ́ èdè wọn tán nígbà náà. Ilé ni wọ́n ń pè ní ulé, iṣu ni uṣu, ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí n kò rí ìdí rẹ̀ títí mo fi kúrò. Ohun tí wọ́n sọ, èdè tí gbogbo wa ń kà ni mo fi ń kọ ọ́ níbí.

Mo jẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ra púpọ̀. Bí Ayọ̀délé bá sùn ju bó ti yẹ lọ, n ó gbé ọwọ́ sí ihò imú rẹ̀. Bí ó bá yán, mo ń ka iye ìgbà. Mo mọ ọjọ́ tí ọrùn rẹ̀ le, mo mọ ọjọ́ tó kọ́kọ́ tẹ̀lé ọwọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú ojú bí ẹni tó rí àlejò. Ọjọ́ tó jókòó láìsí ẹni tó dì í mú, mo ké pe Yèyé pé ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n gééré.

"Ọ̀sẹ̀ wo?" ni Yèyé wí. "Ọjà márùndínláàádọ́ta ni."

Ọjọ́ méje-méje ni mo ń kà bí mo ti kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ń ka ọjọ́ ọjà, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. A jọ ṣírò rẹ̀ lórí ilẹ̀ pẹ̀lú èkùrọ́ títí a fi rí i pé a kò jìnnà síra wa. Ọmọ náà ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí a ń jiyàn, ó sì sùn.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Ààrò wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́jọ sí ẹní mi, mo ti wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kọrí síbẹ̀, n kò lè dìde lé e, nítorí náà èmi náà ń rákò. Àwa méjèèjì a máa lọ ní àgbàlá, òun níwájú, èmi lẹ́yìn, èmi ń wọ́ ẹsẹ̀, òun ń bojú wẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín kékeré. Gbogbo ẹnu rẹ̀ ló ń là, a sì rí inú rẹ̀ dé ọ̀fun.

Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sí ìyá mi ní Èkó. Àwọn oníṣòwò ló ń bá mi mú lẹ́tà náà lọ, ó sì ń pẹ́ ju oṣù kan lọ kí ó tó dé, bí ó bá tilẹ̀ dé. Àbúrò mi a kà á fún un, a sì kọ ohun tó bá sọ padà. Èsì kan dé tí ìyá mi ń béèrè nínú rẹ̀ pé, "Ṣé ọrùn rẹ̀ ti le?" Ìdí ààrò ni ọmọ náà wà nígbà tí mo ń kà á, mo sì ju ìwé sílẹ̀, mo rákò lé e. Ohun tí àjò fi ń dun ènìyàn gan-an nìyẹn. Ọmọ tí ìyá mi ní lọ́kàn kì í ṣe ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi. Tirẹ̀ kéré ju tèmi lọ ní oṣù méjì ní gbogbo ìgbà, kò sì sí bí ó ṣe lè sáré bá a.

Bẹ́ẹ̀ náà ni Olápé. Òun kò jìnnà ju oko lọ, ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ èmi ni n ó sọ fún un ohun tí ọmọ rẹ̀ ti dà láti àárọ̀. Yóò jókòó, yóò fún ọmọ lọ́mú, yóò ní, "Bàbá Ayọ̀délé, ẹ rò ó fún mi. Ẹ má fo nǹkan kan." N kì í fo nǹkan kan.

Àfi ti eyín.

Òwúrọ̀ ni. Mo ń fi ọwọ́ fún un ní ẹ̀kọ, ìka mi sì kan nǹkan lẹ́nu rẹ̀ tó mú bí ẹ̀gún ọsàn. Ayọ̀ mi pọ̀. Mo gbé e kọjú sí oòrùn, mo la ẹnu rẹ̀. Funfun kan wà lórí èrìgì, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lókè ni, apá òsì.

Mo wo ìsàlẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún wo òkè. Mo rò ó pé bóyá bí mo ṣe gbé e lé itan ló yí ẹnu rẹ̀ padà lójú mi. Mo yí i, mo wò ó láti ọ̀kánkán. Mo yí ara mi, mo wò ó láti ẹ̀yìn orí rẹ̀. Òkè kò di ìsàlẹ̀.

Kí n tó máa sọ bí ẹ̀rù ṣe bà mí, ó yẹ kí n sọ ohun tí Ìyá Elépo ti rò fún wa ní oṣù kan ṣáájú, níbi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó ní ní ìlú náà, eyín ìsàlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ hù. Ọmọ tí tòkè rẹ̀ bá ṣáájú, wọ́n ní ó gbé orí sódì wá sáyé. Ó ní ti ọmọ kan hù bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kejì, àgbàdo ọdún náà kò sì gbó. Wọ́n kó ọmọ àti ìyá lọ sí abà lóko. Nígbà tí wọ́n sì padà wálé, kò sí ẹni tó jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ bá a jẹun nínú àwo kan.

Ìwé tí mo kà kò kọ́ mi pé eyín lè ba àgbàdo jẹ́. N kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń ṣe láàárín ènìyàn. Ogun ti pẹ́ nílẹ̀, ilé tí kò ṣọ̀fọ̀ kò pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ọmọ mi ni ọmọ àlejò. Ọ̀nà oko ni àwọn ajínigbé sì ń dẹ. Bí wọ́n bá ní kí Olápé gbé e lọ sí abà, èmi tí n kò lè rìn kò ní lè tẹ̀ lé wọn. Mo rí gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ̀kọ ọwọ́ mi tó tutù.

Mo pinnu pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Fún Olápé, nítorí pé ẹ̀rù yóò bà á. Fún Yèyé, nítorí pé ọmọ ìlú ni, ó sì dàgbà nínú àṣà náà.

Láti ọjọ́ náà, èmi tí mo ti ń ké bí ewúrẹ́, tí mo ń fi igbá bojú kí ọmọ lè rẹ́rìn-ín, mo wá di ẹni tí ń bẹ ẹ̀rín rẹ̀ pé kó dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá wọlé, n ó dà á dé àyà mi. Ó bínú. Ó ń wò mí bí ẹni pé mo ti gbàgbé eré tí mo kọ́ ọ. Nǹkan tí mo ṣe ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, kò sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ará ilé náà sì ń ṣe ohun tí kò yé mi. Yèyé, tó máa ń wẹ ọmọ ní gbangba àgbàlá, gbé omi wọ yàrá, ó ní atẹ́gùn pọ̀. Olápé ń fún un lọ́mú ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó pa ojú dé, ó fa èémí. Mo béèrè ohun tó ṣe é. Ó ní èèrà ló ta á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Ìyá Elépo dé. Olápé ti ti oko dé, Yèyé ń gbá àgbàlá, ọmọ wà lọ́wọ́ mi. Ó sọ epo kalẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé olówó orí mi fún mi. Ayọ̀délé, rẹ́rìn-ín fún ìyàwó bàbá rẹ."

"Ó ń sùn," ni mo wí.

"Inú ló ń run ún," ni Olápé wí.

"Oògùn wà lẹ́nu rẹ̀," ni Yèyé wí.

Ẹnu wa papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ayọ̀délé gbórí sókè lórí àyà mi, ojú rẹ̀ ràn bí òṣùpá, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

Ìyá Elépo wò mí, ó wo Olápé, ó wo Yèyé. "Ọmọ kan ṣoṣo ló ń sùn, tí inú ń run, tí oògùn sì wà lẹ́nu rẹ̀? Ẹ kú ìtọ́jú o." Ó pòṣé, ó ru epo rẹ̀, ó jáde.

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ Yèyé.

Olápé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Yèyé, kí lẹ rí lẹ́nu ọmọ mi?"

"Kí ni ìwọ rí?"

"N kò rí nǹkan kan. Ó gé mi jẹ ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ kẹfà rèé."

Yèyé yíjú sí mi. "Ìwọ ńkọ́, akọ̀wé?"

"Ọjọ́ kẹrin, Yèyé. Òwúrọ̀, níbi ẹ̀kọ. Apá òsì, lókè."

"Apá òsì, lókè." Ó mi orí. "Èmi, ọjọ́ karùn-ún, níbi ìwẹ̀. Mo ní bí o bá rí i, tí o sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílùú, o ó gbé ọmọ náà sá lọ sí Èkó, kódà bó jẹ́ pé ìdí lo máa fi wọ́ débẹ̀."

"Èmi ń bẹ̀rù pé bí ẹ bá rí i, ẹ ó gbé e lọ sí abà."

"Ọmọ ọmọ mi? Sí abà? Nínú ogun yìí?" Ó ju ìgbálẹ̀ lulẹ̀. "Olápé, ta ni ìwọ ń bẹ̀rù?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ẹ̀rín mú Yèyé títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi tí mo wà pẹ̀lú ọmọ náà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí mo mọ iye ìgbà tó ń yán, èmi ni mo rí i kẹ́yìn! Mo gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rẹ́rìn-ín fún gbogbo wa, eyín kan ṣoṣo náà ń dán lókè.

"Ẹ gbọ́ mi," ni Yèyé wí nígbà tó nu ojú tán. "Eyín tí ojú ará ìta kò rí, kò tíì hù. Ìsàlẹ̀ ń bọ̀. A ó dúró dè é."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi dúró. Mo ti padà sí Èkó tipẹ́ báyìí, mo sì ti ronú lórí ibi tí mo ti jẹ́ ọmọ ilé àti ibi tí mo ti jẹ́ àlejò. Ó dá mi lójú pé inú ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ni mo di ọmọ ilé ní Ẹ̀fọ̀n. Kì í ṣe ọjọ́ ìgbéyàwó, kì í sì í ṣe ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, nígbà tí wọ́n fún mi ní ìjókòó tó dára jù, tí wọ́n sì ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àlejò ni à ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Yèyé kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ fún mi mọ́. Ó ń ké láti yàrá pé, "Bò ó, bò ó, ẹnìkan ń bọ̀!" èmi a sì bò ó. Bí ó bá rẹ̀ mí, Yèyé a gbà á. Bí Olápé bá dé, yóò gbà á lọ́wọ́ Yèyé. Ní ìrọ̀lẹ́ a ti ilẹ̀kùn, a jẹ́ kí ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹwàá, mo fi ìka wo ìsàlẹ̀ bí mo ti ń ṣe lójoojúmọ́, ó sì gún mi. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó pariwo. Olápé kò tíì jáde. Yèyé sáré wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó wò ó, ó sì kígbe sí àdúgbò bí ẹni pé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé ni.

Wọ́n dé. Yèyé gbé ọmọ dání fúnra rẹ̀. Àtàńpàkò kan fa ètè ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ìka kejì tẹ ètè òkè mọ́ eyín, ó sì ń fi hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń súre, wọ́n ń kọjá. Ìyá Elépo ló dé kẹ́yìn. Kò súre. Ó tẹ́ ọwọ́.

"Ẹ gbé e fún mi."

Kò sí irọ́ tó kù fún wa láti pa. Yèyé gbé e fún un. Ìyá Elépo wo ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí n tó gbé ọwọ́, ó ti fi ìka gbé ètè òkè sókè.

Eyín òkè náà ti gùn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá ní ojú kò lè ṣì í mọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ọwọ́ Olápé di apá mi mú, mo sì ń ka ìgbésẹ̀ tó wà láàárín ẹní mi àti ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé mo lè sá.

Ìyá Elépo jẹ́ kí ètè náà padà sí ipò rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ padà fún mi, ẹnu rẹ̀ sì kan etí mi.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkọ́bí tèmi rí," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń fún un lọ́mú lábẹ́ aṣọ."

Mo wo ojú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde nàró, ó tún gba ọmọ náà padà kó tó dé ọwọ́ mi dáadáa, ó gbé e lé èjìká, ó sì kọjú sí àwọn tó kún àgbàlá.

"Ìsàlẹ̀ ni o! Èmi ni mo wò ó! Ìsàlẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀!"

Ayọ̀délé la gbogbo ẹnu rẹ̀ lórí èjìká rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn ènìyàn, kò sì sí ẹnìkan nínú wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bò ó.